Ìránṣẹ́ Tí Ó Ń Jí Ṣáájú Ọ̀gá Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn, tí mo sì rí i pé kí olówó rẹ̀ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, àwọn ìránṣẹ́ kan ti jí nínú rẹ̀, wọ́n ti ṣán ṣòkòtò, wọ́n sì ti ń ru ẹrù jáde. Bí ẹ bá bi olówó kọ̀ǹpútà léèrè pé ta ni ó rán wọn, kò mọ̀. Bí ẹ bá bi í pé kí ni wọ́n rù, kò mọ̀. Bí ẹ bá bi í pé níbo ni wọ́n ń lọ, yóò na ìka sí òkè. Ọ̀gá tí kò mọ ohun tí ìránṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe, ọ̀gá orúkọ lásán ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni mo ti jáde, ẹfun ìkọ̀wé ni ó sì ń bẹ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo kéré lọ́jọ́ orí sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń kọ́ ọmọ, èmi ni wọ́n máa ń ké sí bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe ségesège. Lẹ́nu iṣẹ́ àìgbowó yìí ni ojú mi ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ: pé ìránṣẹ́ tí ó ń gbé ìwé wa lọ sí àwọsánmà wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n àwa ni ó yẹ kí a yan àsìkò tí yóò jí, ẹrù tí yóò rù, àti ọ̀nà tí yóò gbà.

ÀWỌSÁNMÀ TÍ Ó WÀ NÍ ILẸ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kó ìwé yín pamọ́ sí àwọsánmà, kì í ṣe ojú ọ̀run ni wọ́n ń wí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ni ó kọ́ ilé ńláńlá sórí ilẹ̀, wọ́n kó ọ̀kẹ́ àìmọye kọ̀ǹpútà sínú wọn, wọn kì í sì jẹ́ kí iná kú níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ìwé tí ẹ bá tẹ̀ nílé yín yóò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀, ẹ ó sì lè ṣí i lórí fóònù tàbí lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ibi yòówù kí ẹ wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Drew Houston sọ bí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì láti Boston, ó ń lọ sí New York, ó fẹ́ ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà, àfi bí ó ti rí i pé òun ti gbàgbé fláàṣì òun sílé. Inú bí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tí kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òun mọ́. Ètò náà ni ó di Dropbox, tí òun àti Arash Ferdowsi dá sílẹ̀ ní ọdún 2007. Ọdún 2007 yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Microsoft bẹ̀rẹ̀ tiwọn, tí wọ́n wá sọ ní SkyDrive. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n Sky ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí orúkọ yìí, ilé ẹjọ́ dá àwọn onítẹlifíṣọ̀n láre ní ọdún 2013, Microsoft sì yí orúkọ náà padà sí OneDrive ní ọdún 2014. Google gbé Google Drive jáde ní ọdún 2012.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fún ènìyàn ní àyè ọ̀fẹ́. Dropbox ń fúnni ní gígábáìtì 2, OneDrive ń fúnni ní 5, Google ń fúnni ní 15, ṣùgbọ́n lẹ́tà Gmail àti àwòrán yín náà ń jẹ nínú 15 yìí. Ẹgbẹ̀rún ìwé ìdánwò kò lè kún gígábáìtì 5, ṣùgbọ́n fídíò ìgbéyàwó kan ṣoṣo lè gbé e mì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Kọ̀ǹpútà oní-Windows ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa níhìn-ín, OneDrive sì ni ó máa ń bá kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wá látilẹ̀. Nítorí náà òun ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń JÍ FÚNRA WỌN?

Ìyáàfin olùkọ́ kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa, àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ti tan án láàárọ̀, wọn a kúrò nídìí rẹ̀, wọn a lọ bá àwọn ọmọ tò lórí ìlà, wọn a gbọ́ àdúrà àti ìkéde, kí wọ́n tó padà dé kí ó tó ṣeé lò. Ẹnì kan sọ fún wọn pé kòkòrò ni ó wọ inú rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n tà á kí wọ́n ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ owó ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù ni wọ́n fi ra ti ọwọ́ wọn, wọn kò tí ì san án tán.

Wọ́n pè mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àwọn tí ó ń jí nínú rẹ̀, Mà." Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì lọ sí ibi tí wọ́n kọ "Startup apps" sí. Ìránṣẹ́ 11 ni a bá níbẹ̀! Ọ̀kan wà fún ìpàdé orí fóònù, ọ̀kan fún orin, ọ̀kan fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́, méjì sì wà tí wọ́n ń kó ìwé lọ sí àwọsánmà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo wọn ni ó ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń fún ara wọn lọ́rùn lẹ́nu ọ̀nà bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí aago ìsinmi lù fún. Kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, kí ni ó fẹ́ ṣe ju kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ lọ?

Ó yẹ kí a ṣe òdodo sí àwọn tí ó ṣe ètò wọ̀nyí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ ìwé yín, kí ó sì máa gbé èyí tí ó bá yí padà lọ sókè, kò lè máa sùn kí ó sì máa ṣọ́nà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọ láti jí bí ẹ bá ti wọlé sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára fún ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà tuntun àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í tán, ó lè máà dára fún ẹni tí ó ní tòkunbọ̀ àti dátà tí ó ń rà díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ẹ óò ṣe kò le. Nínú àkọsílẹ̀ tí mo wí yìí, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún eku tẹ orúkọ ètò tí ẹ kò fẹ́ kí ó máa dá jí, kí ẹ sì yan "Disable". Ẹ kò lé e kúrò nílé. Ohun tí ẹ sọ fún un ni pé kí ó sùn títí ẹ óò fi pè é. Bí ẹ bá yí ọkàn padà, "Enable" yóò dá a padà. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan èyí tí ó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kòkòrò. Èyí tí ẹ kò bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Nínú 11 ti Ìyáàfin, 7 ni a ní kí ó sùn. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó bọ́ ìborùn wọn kọ́, kọ̀ǹpútà ti ń dúró dè wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan. Ọjọ́ tí ẹ bá ti ní kí OneDrive sùn, láti ọjọ́ náà ni ìwé tuntun yín kò ní lọ sókè mọ́, àfi bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín ṣí i. Èmi rí ẹni tí ó pa á tì, tí ó sì ń fi ọkàn balẹ̀ pé iṣẹ́ òun wà lókè. Kò sí ohun tí ó wà lókè. Ẹni tí ó bá ní kí ìránṣẹ́ sùn gbọ́dọ̀ yan ọjọ́ tí yóò máa jí i. Ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ ilé ni èmi yàn. Àwòrán àwọsánmà kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rí i, ìránṣẹ́ ti jí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tẹ ọfà kékeré tí ó wà níbẹ̀, bóyá ó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

OWÓ DÁTÀ KÌ Í ṢE OWÓ ẸLẸ́YÀ

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó kún owó iṣẹ́ wọn títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wa ni ó dùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì jẹ́ pé fóònù ni a fi ń fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé dátà tí ẹ fi owó ọbẹ̀ rà ni. Ó rò pé odò tí kì í gbẹ ni. Ìránṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru àwòrán ọdún mẹ́ta lọ sókè nígbà tí ohun tí ẹ fẹ́ kò ju kí ẹ ka lẹ́tà kan lọ.

Ọ̀nà wà tí a lè gbà sọ fún un. Ẹ lọ sí "Settings", sí ibi "Network & internet", ẹ wo Wáì-fáì tí ẹ so mọ́ fóònù yín, kí ẹ sì tan ohun tí wọ́n ń pè ní "Metered connection". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀nà yìí, owó ni à ń san níbẹ̀. Bí OneDrive bá ti rí àmì yìí, yóò dúró, kò ní gbé ẹrù kankan àfi bí ẹ bá ní kí ó gbé e. Bí ó bá sì jẹ́ pé fún ìgbà díẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí ó sinmi, ẹ tẹ àwòrán àwọsánmà yẹn, ẹ wá "Pause syncing", yóò bi yín bóyá wákàtí 2, tàbí 8, tàbí 24. Àkókò náà pé, yóò dìde padà fúnra rẹ̀.

ẸRÙ TÍ Ó Ń RÙ

Ọ̀rọ̀ jíjí nìkan kọ́. Ìránṣẹ́ yìí a máa fẹ́ di ara ilé. Ibi mẹ́ta kan wà tí a ń kó ìwé sí nínú kọ̀ǹpútà: ojú rẹ̀ gan-an tí wọ́n ń pè ní Desktop, Documents tí ó wà fún ìwé, àti Pictures tí ó wà fún àwòrán. OneDrive a máa bèèrè bóyá kí òun máa tọ́jú wọn. Ẹni tí ó ń kánjú yóò tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìkà á. Láti ìgbà náà, ohun gbogbo tí ó bá jù sí ojú kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ fíìmù, ìbáà jẹ́ orin, òkè ni ó ń lọ. Gígábáìtì 5 a kún. Bí ó bá sì ti kún, ìwé tí ó ṣe pàtàkì jù lọ kò ní rí àyè wọ̀ mọ́, nítorí pé fíìmù ti jókòó sí àyè rẹ̀.

Ẹ tẹ àwòrán àwọsánmà, ẹ ṣí "Settings" ti OneDrive, ẹ lọ sí "Sync and backup", kí ẹ sì wo "Manage backup". Níbẹ̀ ni ẹ óò ti rí ibi tí ó ń tọ́jú, tí ẹ óò sì lè ní kí ó fi ọwọ́ kúrò ní èyí tí ẹ kò fẹ́. Wọ́n a máa yí orúkọ nǹkan wọ̀nyí padà lọ́dún dé ọdún, nítorí náà bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ díẹ̀, ẹ má ṣe jáyà.

Bí ẹ bá ní kí ó fi ọwọ́ kúrò, tí ẹ sì rí i pé ojú kọ̀ǹpútà yín ṣófo lójijì, ẹ má ṣe fi igbe ta. Ẹ kọ́kọ́ wo inú fódà OneDrive nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Ìwé yín lè wà níbẹ̀, níbi tí ìránṣẹ́ kó wọn sí. Ẹ kó wọn padà sí àyè wọn, ọ̀rọ̀ parí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣẹ́ ẹrù sí wẹ́wẹ́. Olùkọ́ ní máàkì àwọn ọmọ, ìbéèrè ìdánwò àti àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́. Oníṣòwò ní ìwé gbèsè, ìwé ọjà àti rìsíìtì. Ẹ da àwọn wọ̀nyí sínú fódà kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ pé òun ni ìránṣẹ́ ń rù. Fíìmù kò nílò àwọsánmà.

ÌWÉ TÍ Ó WÀ TÍ KÒ SÍ

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ni OneDrive ti ní ọgbọ́n kan nínú Windows tí ó fi ń dín ẹrù kù nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ óò rí orúkọ ìwé, ẹ óò rí àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé gan-an kò sí nílé. Òkè ni ó wà. Àmì ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí àwọsánmà aláwọ̀ búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kan, ìwé náà kò sí lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá rí àmì máàkì nínú róbótó aláwọ̀ ewé, ó wà lọ́wọ́ yín. Àwọn ètò mìíràn náà ní irú ọgbọ́n yìí.

Ẹ̀kọ́ èyí dé ilé ẹ̀kọ́ wa ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Ẹ óò rántí pé ní ọjọ́ náà ni okùn ńláńlá tí ó gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Àwọn báńkì kan kò lè dá oníbàárà lóhùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a ń lò dákẹ́ kú. Ẹlẹgbẹ́ mi kan sì ní ìbéèrè ìdánwò tí a fẹ́ tẹ̀ jáde ní ọjọ́ kejì. Ó rí orúkọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kedere. Ó tẹ̀ ẹ́, nǹkan róbótó kan ń yí po, ó ń yí po, kò ṣí. Àwọsánmà búlúù ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó lóru, ó tún ìbéèrè mìíràn rò láti orí, ó sì fi ẹfun kọ wọ́n sójú pátákó láàárọ̀, bí àwọn tí ó kọ́ àwa náà ti í ṣe. Àwọn ọmọ ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ.

Ẹni tí ó bá ní ìwé tí kò gbọdọ̀ má rí ní ọjọ́ kan pàtó, kí ó fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ó sì yan "Always keep on this device". Ìyẹn ni pé kí ìwé náà máa wà nílé nígbà gbogbo, òjò ìbáà rọ̀, okùn ìbáà já.

DÍGÍ KÌ Í ṢE ÀPÓTÍ

Èyí tí ó gbẹ́yìn yìí ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ, òun ni ó sì mú mi kọ ìwé yìí. Màmá kan ń gbé ládùúgbò wa, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági ní Ìbàdàn. Ọmọ wọn obìnrin tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga bá wọn kó ìwé gbèsè wọn sínú kọ̀ǹpútà, ó sì so ó mọ́ àwọsánmà kí Màmá lè máa rí i lórí fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé àyè ti kún, ọmọ yìí wọ inú àwọsánmà láti orí fóònù, ó sì pa àwọn fódà ńláńlá rẹ́. Ó pa ìwé gbèsè pọ̀ mọ́ wọn. Èrò rẹ̀ ni pé èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé wà lọ́tọ̀.

Kò wà lọ́tọ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ètò wọ̀nyí ń ṣe ni pé kí ibí yìí àti ibẹ̀ yẹn bára mu. Dígí ni wọ́n. Bí ẹ bá fá orí, ẹni tí ó wà nínú dígí náà ti fá orí. Bí ẹ bá pa ìwé rẹ́ lókè, yóò parẹ́ nílẹ̀. Bí ẹ bá pa á rẹ́ nílẹ̀, yóò parẹ́ lókè.

Nígbà tí Màmá fẹ́ gba owó aṣọ ẹbí tí àwọn obìnrin bí ogójì gbà láwìn, wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà, wọn kò bá nǹkan kan. Wọ́n wá sí ilé mi ní alẹ́, gèlè wọn wà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ gbà mí o. Àwọn kan ti ń wí pé àwọn ti san. Kí ni mo fẹ́ fi bá wọn jiyàn?"

Mo ní, "Ẹ jókòó ná, Màmá. Ọjọ́ wo ni ọmọ fọwọ́ kan fóònù yìí?"

A pe ọmọ náà. A ka ọjọ́. Ó jẹ́ ọjọ́ 24. Mo mí kanlẹ̀. OneDrive tí ènìyàn ń lò fún ara rẹ̀, Google Drive àti Dropbox ọ̀fẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń tọ́jú ohun tí a bá pa rẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ pàǹtí tiwọn tí ó wà lókè. A wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, a ṣí apẹ̀rẹ̀ náà, ìwé gbèsè wà níbẹ̀. A tẹ "Restore". Orúkọ àwọn obìnrin náà sì tò wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀pá aṣọ tí olúkúlùkù gbà àti iye tí ó kù. Màmá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìka tọ orúkọ kan, wọ́n mi orí, wọ́n sì wé gèlè wọn.

Ká ní ọjọ́ méje sí i ni wọ́n wá, kí ni à bá ṣe? Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní báyìí, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, Màmá a ní kí ọmọ wọn tẹ ìwé náà sórí pépà, wọn a sì fi í sínú àpótí kan náà tí owó ọjà ń gbé.

BÍ Ó BÁ DI PÉ Ẹ FẸ́ PÍN YÀ

Ọ̀gá olùkọ́ kan ta kò mí nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú yàrá àwọn olùkọ́. Wọ́n ní kí n má ṣe dẹ́rù ba àwọn ènìyàn. Pé olè fọ́ ọkọ̀ àwọn, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ, ṣùgbọ́n máàkì gbogbo ọmọ kíláàsì wà lókè, kò sí ọ̀kan tí ó sọnù. Mo ní, "Òótọ́ ni ẹ wí, Sà." Èmi náà kò ní kí ẹnikẹ́ni lé ìránṣẹ́ yìí. Olè, iná, àti omi tí ó dà sórí kọ̀ǹpútà, kò sí èyí tí fláàṣì tí ó wà nínú báàgì kan náà lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ó lè jáde ní ìrọ̀rùn. Nínú "Settings" ti OneDrive, lábẹ́ "Account", "Unlink this PC" wà níbẹ̀. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ mú gbogbo ìwé tí ó ní àwọsánmà búlúù wá sílé, nítorí pé àwọn yẹn yóò kúrò nínú kọ̀ǹpútà, òkè nìkan ni wọn óò kù sí. Àwọn tí ó ti wà nílé kò ní lọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé tí ó ti wà nílé kò ní bá a jáde, àfi bí ó bá nù ún kúrò. Orúkọ àwọn ọmọ tí òbí fi sí ìkáwọ́ wa, àti gbèsè àwọn oníbàárà, kì í ṣe ohun tí a ń tà mọ́ kọ̀ǹpútà. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 náà kò fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣeré.

Àwọn oníṣòwò ni ó mọ òwe yìí jù: ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìwé tí ẹ kò fẹ́ kí ó sọnù, ẹ jẹ́ kí ó wà ní ibi mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nínú fláàṣì tàbí lórí pépà tí ó wà ní ibi tí kọ̀ǹpútà kò sí. Ẹ̀dà kẹta yìí ni dígí kò lè fọwọ́ kàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ tan kọ̀ǹpútà yín. Ẹ wo àwọn tí ó ń jí, kí ẹ yan èyí tí yóò sùn. Ẹ wo ìwé kan ṣoṣo tí ẹ kò lè ṣe láìní, kí ẹ wo àmì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìránṣẹ́ tí ó mọ̀ pé ọ̀gá òun ń ṣọ́ òun kì í ṣìnà. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a wá ohun tí a fi ọwọ́ ara wa kó pamọ́ tì.